Olùkọ́ Abúlé àti Ìtàn Ilẹ̀ Éṣíà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ àwọn olùkọ́ wa, kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti àṣà àwọn ènìyàn ilẹ̀ Éṣíà. Mo mọ̀ pé bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ẹlòmíràn yóò ti máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, 'Kí ni ó kan ọmọ àgbẹ̀ tí ó wà ní Lálúpọn tàbí ní Akánrán nínú ìtàn Íńdíà àti Ṣáínà? Ṣé ìtàn Ìbàdàn ti yé e tán ni?' Ìbéèrè gidi ni. Olùkọ́ tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ kò ní lè fi ìdùnnú kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí a kò bá sì dá lóhùn, orúkọ ni yóò kàn máa há sórí títí ìdánwò yóò fi kọjá.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ́kọ́ wo ilé. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé Éṣíà ti wà láàárín wa tipẹ́tipẹ́: nínú oko wa, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, nínú àpò owó àwọn baba ńlá wa, àti nínú ogun tí àwọn ọmọ wa lọ jà. Ṣùgbọ́n n ó fi kún un pé ilé wíwò nìkan kò tó. Ẹni tí ó wo ilé tí kò sì jáde, kò tíì rin ìrìn-àjò kankan. Lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àlàyé mi yóò dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí a ti ń kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní ayé ìjọba amúnisìn, ìtàn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba iwájú nínú ìwé. Níbi tí a bá ti mẹ́nu kan Éṣíà, orúkọ òyìnbó ni ọmọ yóò gbọ́: Vasco da Gama tí ó dé Calicut ní Íńdíà ní ọdún 1498, àti Robert Clive tí ó ṣẹ́gun ní Plassey ní ọdún 1757. Ó dàbí ẹni pé Íńdíà ń sùn ni kí àwọn wọ̀nyí tó lọ jí i. A kì í sọ fún ọmọ pé atukọ̀ kan tí ó mọ ojú òkun náà dunjú ni ó tọ́ Vasco da Gama sọ́nà láti Malindi ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti pẹ́ púpọ̀ tí àwọn Lárúbáwá, àwọn ará Íńdíà àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé etí òkun náà ti ń bá ara wọn ṣòwò lórí omi yìí. A kì í sì í sọ fún un pé láàárín ọdún 1405 sí 1433, àwọn ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà tí Zheng He ṣe olórí wọn ti dé etí Áfíríkà ní apá ìlà-oòrùn, kí ọkọ̀ Yúróòpù kankan tó yọ sí ibẹ̀.

Irú ìwà kan náà ni wọ́n hù sí ìtàn tiwa. Ní ọdún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, sọ nínú ọ̀rọ̀ tí a gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí àwọn òyìnbó ṣe ní Áfíríkà nìkan ni ìtàn tí ó wà níbẹ̀, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu rẹ̀, Ìbàdàn ti ń dá irú rẹ̀ lóhùn. A dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1948. A dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1955. Ìwé tí Kenneth Dike kọ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹsẹ̀ odò Ọya jáde ní ọdún 1956. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi hàn pé a ní ìtàn, wọ́n sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé ọ̀mọ̀wé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé-ẹ̀kọ́ abúlé. Àwọn tí ó wà níwájú pátákó nígbà náà, ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ wọn. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ọmọ ti kún ilé-ẹ̀kọ́, a sì ní láti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní wàràwàrà. Nítorí náà, nígbà tí J. F. Ade Ajayi àti Ian Espie ṣe àkójọ ìwé kan lórí ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1965, wọ́n pè é ní ìwé amọ̀nà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún kan náà ni Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n pè ní Tarikh. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: èdè Lárúbáwá ni, ìtàn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé bí a bá fẹ́ yí ohun tí ọmọ ń kọ́ padà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a rí gbà nígbà náà, díẹ̀ ni ó kù kí a tún sọ ọ́ nù. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2009 sí 2010 kò fi ààyè sílẹ̀ fún ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì. Ní ọdún 2018 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì kéde pé olùkọ́ 3,700 ni a ti yàn káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 2010 ti dàgbà tó ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí. A sì fẹ́ kí ó kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun. Bí ìtàn ilé pàápàá bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ti Éṣíà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé bí mo ti wí. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ sí oko tí ó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, yálà ní Ìjàyè ni o, tàbí ní Ẹgbẹ́dá. Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ewùrà tí ó ta sára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti apá ibẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ náà ni kókò tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, àti ìrèké. Éṣíà ni ọsàn àti máńgòrò ti ṣẹ̀ wá. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti kòkó tí ó sọ ọ̀pọ̀ baba wa di olówó, Amẹ́ríkà ni gbogbo ìyẹn ti wá. Oko kan ṣoṣo, ilẹ̀ mẹ́ta ni ó pàdé nínú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ mọ ewé kókò yàtọ̀ sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ju bí olùkọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, kò ní jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kí ó padà sí inú kíláásì, kí ó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa rin ìrìn-àjò bí ènìyàn. Àlàáfíà, àdúrà, wákàtí, sánmà àti àlùbáríkà, inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìyá tí ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Akánrán ń sọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣúgà tí ọmọ ń dà sínú ẹ̀kọ, a gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, a ó gba ọ̀dọ̀ Lárúbáwá kọjá kí a tó dé Íńdíà. Tíì ti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Fujian ní Ṣáínà wá. Bí a bá sì ṣí àwòrán ilẹ̀ ayé, ọmọ Mùsùlùmí yóò rí Mẹ́kà, ọmọ onígbàgbọ́ yóò rí Jerúsálẹ́mù, àwọn méjèèjì yóò sì rí i pé ilẹ̀ Éṣíà ni ìlú méjèèjì wà. Ó ti pẹ́ tí ọmọ wọ̀nyí ti ń kọ ojú sí Éṣíà bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà. A kò kàn sọ fún wọn rí ni.

Èyí tí ó tuntun jù nínú wọn wà ní Mọ́níyà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Níbẹ̀ ni ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń dé sí. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 157, a sì ṣí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tí a ń pè ní CCECC ni ó kọ́ ọ. Owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì ìjọba Ṣáínà sì wà nínú ohun tí a fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ Mọ́níyà rí àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀ nípa wọn? Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá ti jọ tiwọn, ìbáà ṣe ará Kòríà tàbí ti Fílípínì, 'Ṣáínà' ni ọmọ yóò pè é. Bí òyìnbó kan bá pe ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Sòmálíà àti ọmọ Kóńgò ní orúkọ kan náà, inú wa kò ní dùn.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà nílé, owó ẹyọ ni mo rí i pé ó lè kọ́ ọmọ ní ohun tí ó pọ̀ jù. Ilé tí kò ti sí owó ẹyọ ṣọ̀wọ́n ní abúlé wa: ó wà lára igbá, ó wà lọ́rùn òrìṣà, ó wà nínú ẹẹ́rìndínlógún tí a fi ń dá ẹ̀rọ̀. Ìṣirò wa pàápàá ń rántí rẹ̀. Okùn kan jẹ́ ogójì. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ṣùgbọ́n òkun tiwa kọ́ ni ó bí i. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ti erékùṣù Maldives wá, tí ó wà nínú òkun Íńdíà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù tún bẹ̀rẹ̀ sí kó oríṣi mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ wá láti Zanzibar, tí wọ́n kó o pọ̀ débi pé iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀nà yìí. Ibn Battuta ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Tangier ní Mòrókò, tí a bí ní ọdún 1304. Ó ṣe adájọ́ ní Maldives ní nǹkan bí ọdún 1343 sí 1344. Ó ròyìn bí wọ́n ti ń kó ẹyọ nínú òkun, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sí etí omi láti kó o sí títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà, àti bí wọ́n ti ń fi í ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará Bengal. Ó ní 400,000 ni dínárì wúrà kan níbẹ̀, àti pé nígbà mìíràn ó máa ń tó 1,200,000. Ní ọdún 1352 sí 1353 ó dé ilẹ̀ Mali ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó tún rí ẹyọ kan náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n 1,150 péré ni dínárì wúrà kan. Kí olùkọ́ fi ìyẹn fún àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Ogún ọ̀kẹ́ fún dínárì kan lọ́hùn-ún, kò tó ẹgbẹ̀fà níhìn-ín. Iye rẹ̀ ti fi ohun tí ó ju ìlọ́po 300 lọ pọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Ta ni ó jẹ èrè àárín? Ìbéèrè yìí nìkan tó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn ará Yúróòpù ni ó jẹ èrè náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì àti ti Hóláǹdì a máa kó ẹyọ láti òkun Íńdíà lọ sí London àti Amsterdam. Àwọn oníṣòwò yóò sì kó o láti ibẹ̀ wá sí Ouidah àti etí òkun wa láti fi ra ènìyàn. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí a fi ẹyọ rà. Kò yẹ kí olùkọ́ fi èyí pamọ́. Ohun tí a so mọ́ ọrùn igbá fún ẹwà, iye orí ènìyàn ni nígbà kan. Àwọn ará Maldives tí wọ́n kó o nínú omi, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ìrẹsì tí ọmọ wọn yóò jẹ ni wọ́n ń wá. Wọn kò mọ Ouidah, wọn kò sì mọ ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ọ̀rọ̀ wá sí ayé tí ó sún mọ́ wa: ogun tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Bọ́mà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Éṣíà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin. Ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, láti ọdún 1944, wọ́n ru ẹrù lórí gba inú igbó, ọkọ̀ òfurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1945 ni a gba ìlú Myohaung.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Kaladan. Ìbọn bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó kù sẹ́yìn nínú igbó. Àwọn ará abúlé ni ó ń fún wọn lóúnjẹ, títí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman fi gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀ tí ó sì fi wọ́n pamọ́. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì bá tẹ òun, òun àti ìdílé òun yóò kú. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé tí wọ́n gbà wọ́n là. Isaac kọ ìtàn yìí sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé náà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Isaac náà kú ní ọdún 2012.

Níbí ni ọ̀rọ̀ mi kejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ ìtàn yìí tán, tí ó sì dúró níbẹ̀, kí ni ọmọ mọ̀ nípa Éṣíà? Yóò mọ̀ pé ará Éṣíà kan ṣe ọmọ wa lóore. Shuyiman yóò wọ inú ìtàn nígbà tí ọmọ Yorùbá dé, yóò sì jáde nígbà tí ọmọ Yorùbá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: báwo ni èyí ṣe yàtọ̀ sí ohun tí Trevor-Roper ṣe sí wa? Òun náà gbà pé ọjọ́ tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ bá wọlé ni ìtàn ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, olùkọ́ gbọ́dọ̀ bá ọmọ rìn dé ìpẹ̀kun ọ̀nà. Ta ni Shuyiman í ṣe nínú ìlú tirẹ̀? Àwọn Mùsùlùmí agbègbè rẹ̀ ni ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Ní ọdún 2017, àwọn tí ó ju 700,000 lọ nínú wọn sá fún ìjà àti iná lọ sí Bangladesh. Kí ni àwọn ará Bọ́mà fúnra wọn ń fẹ́ nígbà ogun náà? Aung San àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ bá Jàpáànì dọ́rẹ̀ẹ́ nítorí òmìnira, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i ní oṣù kẹta ọdún 1945. Òmìnira náà dé ní oṣù kìíní ọdún 1948. Ìjọba kan náà ni ó ń jẹ lórí Rangoon àti lórí Ìbàdàn. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò béèrè pé, ta ni àwọn baba wa lọ bá jà, àti nítorí kí ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Maldives. Nígbà tí Ibn Battuta dé ibẹ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Khadija ni ó wà lórí oyè. Ọmọbìnrin kíláásì márùn-ún ní Lágelú yóò fẹ́ gbọ́ bí ó ti ṣe é.

Àwọn ìtàn kan sì wà tí kò sí ohunkóhun tí ó so wọ́n mọ́ wa ju pé ènìyàn ni àwọn náà. Ní nǹkan bí ọdún 2,300 sẹ́yìn, ọba kan jẹ ní Íńdíà tí ń jẹ́ Ashoka. Ó gbógun ti ilẹ̀ Kalinga ó sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára àpáta pé 100,000 ènìyàn ni a pa, pé 150,000 ni a kó lọ, àti pé ọkàn òun gbọgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ gbé ìtàn yìí lọ sí Ìjàyè, ìlú tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní ọdún 1862. Ọmọ ibẹ̀ kò nílò olùkọ́ láti sọ fún un ohun tí ogun ń ṣe sí ìlú. Ṣùgbọ́n ajagunṣẹ́gun tí ó kábàámọ̀ ìṣẹ́gun rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sára òkúta kí gbogbo ayé lè kà á, ìyẹn lè mú kí òun àti ọmọ Ìbàdàn tí ó jókòó tì í jọ sọ ọ̀rọ̀ tí a kò tíì sọ tán láàárín wọn.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ abúlé kò ní ìwé, kò sì ní àkókò. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ́pọ̀ fi ń já wa kulẹ̀. A ó pe olùkọ́ wá sí ìgboro fún ọjọ́ méjì. Ẹnì kan yóò ka ìwé sí i létí, òun náà yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Yóò gba owó ọkọ̀, yóò sì padà sílé. Ìwé tí ó kọ yóò wà nínú àpótí.

Ohun tí mo dábàá kò ná wa ní owó púpọ̀. Kí àwọn olùkọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa pàdé ní tòsí ilé wọn: ti Akínyẹlé ní Mọ́níyà, ti Lágelú ní Ìyànà Ọ̀fà, ti Ẹgbẹ́dá ní Ẹgbẹ́dá, ti Ọ̀nà-Àrà ní Akánrán. Kí àwọn olùkọ́ni yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó wọ ọkọ̀ lọ bá wọn. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan lọ́wọ́ wá láti abúlé rẹ̀, ìbáà ṣe ẹyọ, ìbáà ṣe èso máńgòrò, ìbáà ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Kí a béèrè ìbéèrè mẹ́ta lórí rẹ̀: níbo ni ó ti wá? Ọ̀nà wo ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ta ni ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà náà, kí sì ni ìtàn tirẹ̀ kí ó tó gbọ́ orúkọ wa? Ìbéèrè kẹta ni ó ṣòro jù. Níbẹ̀ ni a ti nílò onímọ̀ àti àwòrán ilẹ̀ ayé. Kí olùkọ́ kan wá dúró kọ́ ẹ̀kọ́ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìfẹ́, kí ó tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Kí a má sì gbàgbé pé ohun kan wà tí kò lè dúró dè wá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Bọ́mà ti lọ tán láàárín wa. Ṣùgbọ́n opó wọn, ọmọ wọn, lẹ́tà wọn, àwòrán wọn àti àmì-ẹ̀yẹ wọn lè ṣì wà nínú àpótí ní abúlé. Olùkọ́ tí ó rán àwọn ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí ó sì kọ ohun tí wọ́n mú bọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe Éṣíà nìkan ni ó kọ́ wọn. Ó ti sọ wọ́n di òpìtàn.

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. A kì í sì í dé oko ẹlòmíràn kí a kàn máa wá igi tí ó jọ ti ilé; a ó kí olóko, a ó jókòó, a ó gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn ṣe sí wa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é sí wọn.